Ìka Mi Mẹ́rin àti Gìtá Bàbá Tíṣà

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Olùkọ́ ọ̀rọ̀ tó wà ní ọsibítù tún kó káàdì rẹ̀ síta lónìí: àwòrán ife, àwòrán bàtà, àwòrán ajá. Ó ní kí ọkọ mi, Bàbá Tíṣà, sọ ohun tó rí. Bàbá Tíṣà wo ife, ó wo bàtà, ó yí ojú sí fèrèsé. Káfíńtà tó gbé òrùlé lé ilé ìwé, wọ́n ń fi àwòrán ajá hàn án. Èmi náà ì bá yí ojú.

Nígbà tí a jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọbìnrin olùkọ́ náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Mà, àrùn rọpárọsẹ̀ yìí ò pa ọ̀rọ̀ tó wà nínú wọn. Ọ̀nà tó ń gbà jáde ló dí. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá gbìyànjú, dídákẹ́ yẹn á mọ́ wọn lára." Ó ní òun á máa rí wa títí di àárín oṣù kẹjọ. Bí kò bá sí ìyípadà, òun á ní láti fi àyè wọn fún ẹlòmíràn, nítorí èrò pọ̀ lórí ìlà.

Ó wá bi mí bóyá orin kan wà tí wọ́n mọ̀ dénú. Ó ní àwọn kan wà tí wọn ò lè sọ "omi", tí wọ́n á sì kọ orin látòkè délẹ̀, pé ó dà bí ẹni pé ọ̀nà mìíràn ni orin ń gbà.

Orin wo ni ì bá tún jẹ́? "Má Tíì Lọ" ni. Gbogbo ayé ló ń kọ ọ́ nígbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́. Bàbá Tíṣà fi gìtá kọ ọ́ sí mi létí títí mo fi gbà láti fẹ́ ẹ, kò sì yé kọ ọ́ láti ìgbà náà, ìbáà jẹ́ pé mò ń bínú, ìbáà jẹ́ pé mò ń sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo fi orin náà sórí fóònù fún un. Ó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lanu, orin ti kọjá. Kó tó lanu lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti dé ègbè. Ó fi ọwọ́ ti fóònù dànù lórí tábìlì.

Mo pe olùkọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní fóònù kì í dúró de èèyàn, kí èmi fúnra mi máa kọ ọ́ pẹ̀lú wọn díẹ̀díẹ̀, kí n máa dúró níbi tí wọ́n bá dúró sí.

Èmi kẹ̀? Ohùn mi yìí? Nígbà tí Tíṣà ọmọ wa wà lọ́mọ ọwọ́, bí mo bá kọrin fún un ńṣe ló ń sunkún sí i. Bàbá rẹ̀ ló bẹ̀ mí pé kí n fi orin sílẹ̀ fún àwọn tí Ọlọ́run fún.

Gìtá náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Eruku ti bò ó.

Ọjọ́rú, 5

Mo pe Tíṣà. Ọmọ tó máa ń to bàtà gbogbo ilé jọ ní kékeré, tó ń fi pàṣán kọ́ wọn níwèé, òun la sọ ní Tíṣà. Báńkì ló wá padà lọ ń ṣiṣẹ́ sí nílùú míràn. Mo ní mo fẹ́ kọ́ gìtá.

"Màámi, ẹ̀yin?"

"Èmi."

"Gìtá?"

Ó rẹ́rìn-ín títí mo fi pa fóònù. Nígbà tó pè padà, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó fi fídíò olùkọ́ kan ránṣẹ́. Ó tún ní kí n gba nǹkan kan sórí fóònù, tó máa ń gbọ́ ohùn okùn gìtá, tó sì máa ń tan iná aláwọ̀ ewé bí ohùn náà bá gún. Ó ní kọ́ọ̀dù mẹ́rin péré ló wà nínú orin náà, pé kọ́ọ̀dù kan ò ju kí èèyàn fi ìka tẹ okùn mélòó kan pa pọ̀ lọ.

Mẹ́rin péré. Mo rán aṣọ fún odidi ilé ìwé lọ́dún tó kọjá. Kí ni kọ́ọ̀dù mẹ́rin máa fi mí ṣe?

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo nu eruku, mo gbé gìtá lé itan. Mi ò ní láti bi ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń gbé e. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jókòó síwájú Bàbá Tíṣà, tí mò ń wò ó: ọrùn gìtá ní apá òsì mi, ikùn rẹ̀ ní apá ọ̀tún. Ọ̀gbẹ́ni Inú Fóònù, olùkọ́ inú fídíò náà, ní ọwọ́ òsì ni kí n fi di ọrùn rẹ̀ mú. A jẹ́ pé mo ti mọ nǹkan kan.

Ọ̀gbẹ́ni yìí, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ó rọrùn gan-an ni." Ó ní kí n máa ka okùn láti orí èyí tó sún mọ́ àgbọ̀n mi jù, kí n fi ìka síbí, síbí àti síbí. Ó ta okùn, ohùn dídùn jáde. Èmi náà ta okùn. Ohùn tó jáde, àfi bí ìgbà tí àwo ṣubú nílé ìdáná.

Bàbá Tíṣà bá lanu. "Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ̀n-ẹ́n." Ó ń fi ọwọ́ òsì lu apá àga. Mo ní kó ní sùúrù, ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Orí ìka mi ti wú. Abẹ́rẹ́ ti gún mi ní gbogbo ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ lè gbà gún èèyàn, kò rí báyìí.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Òjò láti àárọ̀. Bàbá Tíṣà jẹ ìrẹsì fúnra rẹ̀, kò da ẹyọ kan sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni àìsàn mú, òsì ló sì fi ń di hámà mú láti kékeré, tí ìyá rẹ̀ nà án títí tó sú ìyá náà. Nínú gbogbo wàhálà yìí, Ọlọ́run ṣàánú wa níbẹ̀.

Mo ta gìtá fún un lẹ́yìn oúnjẹ. "Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n," ó tún ń lu àga. Mo ní ó ti tó, mo ti gbọ́ pé kò dùn.

Abẹ́rẹ́ ló máa ń pè mí tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe torí iṣẹ́ mi nìkan, ó ní ẹnu mi mú. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ẹlòmíràn bá sì pè mí bẹ́ẹ̀, mi ò ní dáhùn.

Ọjọ́rú, 12

Bàbá Òkè, tí yàrá wọn wà lórí tiwa, fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Nígbà tí ìyẹn ò mú mi dákẹ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n.

"Ìyá Tíṣà, kí ló ń ké nínú ilé yín?"

"Gìtá ni, sà."

"Ta ló ń ta á?"

"Èmi ni, sà."

Wọ́n wo Bàbá Tíṣà tàánútàánú. Wọ́n ní, "Onísùúrù ló ń fún wàrà kìnnìún." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nínú mi, mo ní kí wọ́n lọ bi kìnnìún bóyá ó gbà. Gbogbo ẹni tí nǹkan ò ṣe ló máa ń mọ òwe sùúrù.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Kọ́ọ̀dù kejì. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Inú Fóònù ní kí n kí ara mi kú oríire.

Ọjọ́ Ajé, 17

Ìtìjú gbáà. Mo rán apá òsì méjì mọ́ ẹ̀wù ọmọ ilé ìwé kan. Èmi tí mo ti ń ránṣọ kí wọ́n tó bí ọ̀gá ilé ìwé wọn. Orí ìka mi ti kú, bí mo bá fọwọ́ kan etí aṣọ mi ò mọ̀ ọ́n mọ́, ojú ni mo fi ń wá a. Aṣọ tí mo gbà lọ́wọ́ yìí, kí wọ́n tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án ni wọ́n fẹ́ ẹ, mi ò sì tíì gé ìdajì rẹ̀.

Bàbá Tíṣà rí ẹ̀wù náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Àìsàn ò mú ẹ̀rín rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ìka sí ẹ̀wù, ó na ìka sí gìtá. Ẹ̀wù, gìtá. Ẹ̀wù, gìtá. Mo ní mo ti gbọ́, gìtá ló kó bá mi, kó má dá mi lẹ́jọ́ nínú ilé mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù já, ó sì nà mí lẹ́yìn ọwọ́ bí pàṣán. Mo lọ ra òmíràn. Iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, mo lè fi ra òwú tí mo máa lò fún ọ̀sẹ̀ kan, òwú a sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Mo so ó síbi tí èyí tó já wà gẹ́lẹ́. Mo yí etí gìtá títí iná aláwọ̀ ewé fi tàn.

Fóònù ní gbogbo okùn gún. Ìka mi wà níbi tí wọ́n ní kó wà. Kí ló wá ń ké bí ìlẹ̀kùn tí ò rí epo? A jẹ́ pé èmi gan-an ni mi ò gún.

Ọjọ́ Ajé, 24

Ọsibítù. Ife, bàtà, ajá, fèrèsé. Olùkọ́ ọ̀rọ̀ béèrè bí orin ṣe ń lọ. Mo ní ó ń lọ dáadáa. Irọ́ ni mo pa.

Ọjọ́bọ̀, 27

Mo fẹ́ kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí n tó gbàgbé ẹni tó jẹ̀bi.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń gé aṣọ, ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo gbé gìtá. Mi ò tíì ta okùn dáadáa tó tún fi bẹ̀rẹ̀, "Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n," ọwọ́ lórí apá àga. Mo ń ta lọ. Ló bá na ọwọ́ òsì, ó di ọrùn gìtá mú, ó ń fà á, ó ń yí i. Mo ní kó fi sílẹ̀, kò fi sílẹ̀. A ń já gìtá gbà lọ́wọ́ ara wa bí ọmọdé méjì.

Mo wá sọ ọ́. Mo ní, "Tó o bá mọ̀ ọ́n jù mí lọ, sọ̀rọ̀. Sọ fún mi. Ṣebí o lẹ́nu."

Ó fi gìtá sílẹ̀.

Mo lọ jókòó sí ilé ìdáná, mo sunkún títí omi tí mo gbé kaná fi gbẹ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ òwe náà kí n tó lanu.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó rọra gbá mi lọ́wọ́ pẹ́pẹ́. Mo ti gbé gìtá padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kí olówó orí mi sinmi, kí Bàbá Òkè náà sinmi.

Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù keje

Oníbéèsì wá kí wa. Òun àti Bàbá Tíṣà ni wọ́n jọ ń ta gìtá nígbà tí wọ́n wà lápọ́n. Èyí tó ní ohùn ńlá ni tirẹ̀, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, orí fóònù nìkan la ti ń gbúròó rẹ̀. Ó jókòó, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò mọ ohun tó máa sọ. Ló bá ń sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni pé etí ni àìsàn mú.

Mo ní, "Ẹ rọra, ó ń gbọ́ yín dáadáa." Ojú tì í.

Kí ilé má baà pa lọ́lọ́, mo sọ ọ̀rọ̀ gìtá fún un. Ó ní kí n gbé e wá, kí n ta díẹ̀ kí òun wò ó. Mo ta kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́. Oníbéèsì di ojú. Nígbà tó là á, ó wo ọwọ́ mi, ó wo okùn, ó tẹ̀ síwájú, ó tún wò ó.

"Ìyàwó wa, ta ni wọ́n so gìtá yìí fún?"

"Ta ni wọ́n tún máa so ó fún? Ọ̀rẹ́ yín ni."

"Ọwọ́ wo ni ọ̀rẹ́ mi fi ń ta á?"

Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì.

"Òsì," ó ní. "Ẹni tó bá ń fi òsì ta á, wọ́n á yí okùn rẹ̀ padà fún un ni. Èyí tó nípọn jù, tó yẹ kó wà lókè, ìsàlẹ̀ ló wà níbí. Gbogbo ohun tí ò ń ṣe látọjọ́ yìí, ò ń gbé e kodò ni."

Mo ní bí mo ṣe ń rí i tó ń gbé e ni mo ṣe gbé e. Ó ní níbo ni mo máa ń jókòó sí bó bá ń ta á. Mo ní iwájú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó ní kí n gbé èyí tó kọjú sí i. Òsì ni mo gbé.

Télọ̀ ni mí o. Ojoojúmọ́ ayé ni mò ń yí aṣọ sódì kí n tó rán an.

Mo bojú wo Bàbá Tíṣà. Ẹ̀rín ti fẹ́ gbé e ṣubú lórí àga. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń na ìka sí Oníbéèsì, ó ń na ìka sí mi, bí ẹni tó rí ẹlẹ́rìí níkẹyìn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ń sọ ọ́ fún mi. Ó fi ẹ̀wù alápá òsì méjì sọ ọ́. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìyànjú láti yí gìtá náà fún mi, mo sì bá a jà. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí, lẹ́yìn náà inú wá bí mi sí gbogbo èèyàn tó wà nínú yàrá yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Oníbéèsì padà wá, ó tú okùn, ó so ó bó ṣe yẹ ọwọ́ mi. Mo ta kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, ó sì dún. Ó dún bíi ti inú fóònù. Bàbá Òkè ò gbá ilẹ̀. Mo ta á lẹ́ẹ̀mẹwàá kó lè dá mi lójú.

Ṣùgbọ́n Bàbá Tíṣà ò rẹ́rìn-ín lónìí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń tú okùn yẹn, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń ṣí òrùlé ilé rẹ̀. Nígbà tí Oníbéèsì lọ, ó fi ọwọ́ júwe fún mi pé kí n yí àga òun sí fèrèsé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Kọ́ọ̀dù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti orí kan sí èkejì, ó máa ń pẹ́ tó ìgbà tí èèyàn fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ láìsí dígí lójú, ṣùgbọ́n orin ni. Tíṣà ní kí n ta á fún òun lórí fóònù, ó sì dákẹ́ dé ìparí. Ó ní, "Màámi, ẹ gbìyànjú." Mo mọ̀ pé ó ń sunkún, mi ò bi í.

Bàbá rẹ̀ ò yíjú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Kí ló wá fẹ́? Nígbà tí mò ń ta ìtakúta, ó ń pariwo. Mo wá ń ta orin, ó dákẹ́. Mo kọ orin náà fún un pẹ̀lú ohùn mi yìí, mo dúró kó gbè é, kò gbè é. Mo ní, "Bàbá Tíṣà, ọsibítù ò ní dúró dè wá o." Ó di ojú bí ẹni tó ń sùn. Mo mọ ìgbà tó bá ń sùn, ó máa ń hanrun.

Ara mi ò gbà á mọ́. Aṣọ wà nílẹ̀ bí òkè. Ta ló rán mi níṣẹ́?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Mo wà nídìí máṣìn, mò ń so kọ́là, mo gbọ́ ìró lẹ́yìn mi. Mo rò pé inú tún ń bí i ni. Mo dá máṣìn dúró. Kì í ṣe ìbínú. Ojú rẹ̀ wà ní fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ òsì gbá itan rẹ̀: ọ̀kan sílẹ̀, méjì kánkán, ọ̀kan sókè. "Má Tíì Lọ" ni, bí òun ṣe máa ń ta á gẹ́lẹ́.

Mo wo ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi máa ń tẹ ọrùn gìtá, ọ̀tún ni àìsàn mú. Èyí tó fi ń ta okùn kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Ó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, ó ń wá iṣẹ́ ṣe. Èmi sì jókòó síwájú rẹ̀, mo ní kí wọ́n tú okùn rẹ̀ kí wọ́n so ó fún mi, bí ẹni ń pín ogún ẹni tí kò tíì kú.

Mo ní, "Bàbá Tíṣà, ṣé ìwọ lo fẹ́ ta á? Kí èmi máa bá ẹ tẹ ọrùn rẹ̀?"

Ó yí ojú kúrò ní fèrèsé. Ó wò mí bí olùkọ́ ọ̀rọ̀ ṣe máa ń wo òun nígbà tó bá dà bíi pé ó fẹ́ sọ "ife".

Ọjọ́ Ajé, 22

"Ìyàwó wa," Oníbéèsì ní, "ṣé o ti wá mọ ohun tó o fẹ́ báyìí?"

Mo ní mi ò mọ̀, kó ṣáà so ó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó so ó. Bàbá Tíṣà di ikùn gìtá náà mú fún un títí ó fi parí, kò jẹ́ kó bọ́.

Gbogbo ohun tí ọwọ́ òsì mi kọ́ ti dòfo. Ọwọ́ ọ̀tún ni n ó máa fi tẹ̀ ẹ́ báyìí, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D. Oníbéèsì ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Mo ní kó mú orí ìka tirẹ̀ wá ká jọ fi wẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 25

Ọwọ́ ọ̀tún ti wú bíi ti òsì. Mi ò lè di àlùmọ́gàjí mú. Mo gbé iṣẹ́ gígé fún télọ̀ tó wà ní òpópónà kejì, ó sì gba owó tó wù ú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30

A jọ gbìyànjú rẹ̀. Gìtá wà lórí itan rẹ̀, ikùn rẹ̀ lábẹ́ apá òsì. Mo gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún, ọrùn gìtá nà dé ọ̀dọ̀ mi, mo fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ òsì mi ò rí iṣẹ́ ṣe, mo gbé e lé e lẹ́yìn.

Kò dúró dè mí. Mi ò tíì tẹ kọ́ọ̀dù tó fi ta okùn, ó ta á, ó ta á. Mo ní, "Ṣé wọ́n ń lé ẹ ni?" Ó tún ta á. Ẹni tó ti ń ta gìtá kí n tó mọ̀ ọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́. Mo dìde, mo lọ fọ àwo. Nígbà tí mo padà dé, ó ṣì di gìtá náà mú, ó ń retí mi.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù kẹjọ

Òjò. Iná ò sí, mi ò lè fi máṣìn ṣe nǹkan kan, a kúkú ta gìtá. Ó ti ń dúró dè mí díẹ̀. Bí mo bá fẹ́ kúrò lórí kọ́ọ̀dù kan, mo máa ń fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ó ti mọ ìyẹn sí pé kó ní sùúrù.

Ó kùn. Kì í ṣe "ẹ̀n-ẹ́n". Ohùn orin náà ni, láìsí ọ̀rọ̀. Mi ò wò ó, kó má baà dáwọ́ dúró.

Ọjọ́bọ̀, 8

"Má." Ó sọ ọ́ kedere. "Má," ó tún ní. Lẹ́yìn ìyẹn kò rí èyí tó kù. Ó bínú, ó gbá gìtá. Èmi náà bínú. Mo ní kó má fọ́ gìtá torí pé èmi ni mo ń san owó okùn.

Ọjọ́ Àìkú, 11

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi kún un.

A ta á láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ́ọ̀dù kìíní, ó kùn. Kọ́ọ̀dù kejì, mo pẹ́ lórí rẹ̀, ó dúró dè mí. Ó wá lanu, ọ̀rọ̀ sì ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà:

"Má tíì lọ, ilẹ̀ ò tíì mọ́,
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ sọ."

Ohùn náà ti há díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni. Òun gan-an ni. Lókè, mo gbọ́ tí Bàbá Òkè fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pàtẹ́wọ́.

Mo bi í pé, "Kí lo fẹ́ jẹ?" Ó lanu, nǹkan kan ò jáde. Orin nìkan ni. Mo pe Tíṣà, mo sì sọ fún un pé kó má tíì yọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13

Kò kọ ọ́ lónìí. Kò kọ ọ́ lánàá náà. Ọ̀tunla ni ọsibítù.

Ọjọ́bọ̀, 15

Mo gbé gìtá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, gbogbo èèyàn ń wò mí. Olùkọ́ ọ̀rọ̀ ti kó káàdì jáde. Bàbá Tíṣà rí ife, ó yí ojú sí fèrèsé. Ọmọbìnrin náà fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sínú fáìlì. Mo mọ irú nǹkan tí wọ́n máa ń kọ bí ojú wọn bá rí báyẹn.

Mo ní, "Ẹ dákun, ẹ fún wa láyè díẹ̀." Mo gbé gìtá lé itan rẹ̀, mo fa àga mi sí apá ọ̀tún rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Kọ́ọ̀dù kìíní dára. Ẹnu rẹ̀ pa dé. Kọ́ọ̀dù kejì dára. Ẹnu rẹ̀ ṣì pa dé, olùkọ́ ọ̀rọ̀ sì ń wo aago. Nígbà tí a dé ibi ẹ̀kẹta, ẹ̀rù ti gbà mí lọ́wọ́ orin, ìka mi bọ́ sórí okùn mìíràn, gìtá ké bíi ti oṣù kẹfà.

Ó dá ọwọ́ dúró. Ó yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ le, bí ìgbà tí ọmọṣẹ́ rẹ̀ bá fi ìṣó gún igi lódì.

"Abẹ́rẹ́," ó ní. Ó mí. "Ìka ẹ."

Kì í ṣe orin. Kò sí orin kankan tó ní ọ̀rọ̀ yẹn nínú.

Mo ní, "Kí ló ṣe ìka mi? Ìwọ lo sáré." Mi ò rí okùn mọ́, gbogbo rẹ̀ ti di omi lójú mi. Olùkọ́ ọ̀rọ̀ gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ó béèrè ta ni Abẹ́rẹ́. Mo ní èmi ni. Ó fa ìlà sórí ohun tó ti kọ sínú fáìlì, ó sì ní ká máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká gbé gìtá dání.

Ọjọ́ Ẹtì, 16

Aṣọ ilé ìwé ṣì pọ̀ nílẹ̀, télọ̀ òpópónà kejì gé kọ́là kan kéré, mo ní láti tú u. Láti àárọ̀ ni ọkọ mi ti ń dá sí ọ̀rọ̀ ìka mi. Mo gbé gìtá, "Ìka." Mo gbé àlùmọ́gàjí, "Ìka." Mo ń bu tíì fún un, ó tún ní "Ìka." Mo ní kó dákẹ́ jàre.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó gbọ́ ohun tí mo wí. Mo sáré gbé ife sílẹ̀. Mo ní rárá o, máa wí.